Ètò Ìnáwó fún Títún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí dá lórí ohun kan tó ń yọjú nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí à ń yẹ̀ wò ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége. Níbi tí a ti ń béèrè ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó ṣe, ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé: “Láti tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe.” Òun nìyẹn. Kò sí iye, kò sí orúkọ oníṣẹ́, kò sí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Ìdí náà kò burú. Ọkọ̀ tí bàbá ẹni fi gbé ẹni lọ sí ilé-ìwé jẹ́ ohun tí ó tọ́ kí a fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò lè san ẹ̀yáwó.

Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí: kí a má ṣe tú bóòtù kan ṣoṣo lára ọkọ̀ àtijọ́ títí a ó fi kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, tí a ó pín in sí ìpele, tí a ó sì rí i dájú pé ẹ̀yáwó ìpele kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí owó oṣù wa lè san lọ.

1. IBI TÍ ÀWỌN ỌKỌ̀ WỌ̀NYÍ TI WÁ

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: Peugeot 504 tàbí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, ó sì gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀nà Badagry, lágbègbè Ọ̀jọ́, nítòsí wa níhìn-ín. Ọdún yẹn kan náà ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà di ẹni tó ní mọ́tò.

Ó dára kí a mọ ìtàn yìí nítorí pé ó kan àpò wa. Ọkọ̀ tí wọ́n tò púpọ̀ ní ilẹ̀ wa ni mẹkáníìkì mọ̀, a sì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ wá kiri ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Ìjàpá kò sí ní ilé-iṣẹ́ kankan mọ́ láti 2003, nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ó ju mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe jákèjádò ayé, nítorí náà àwọn oníṣòwò òkèèrè ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ fún títà. Ọkọ̀ tí kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa rí yàtọ̀ gidigidi. Ẹni tó ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀yà ara rẹ̀ rí kí ó tó béèrè owó oníṣẹ́.

2. ÀYẸ̀WÒ KÍ A TÓ NÁ KỌ́BỌ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó yẹ̀ wò ni ìwé. Ọkọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Bí ọ̀kan bá ná owó lé e lórí láìsí àdéhùn, ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá dán ni àwọn yòókù yóò rántí pé àwọn náà ní ìpín níbẹ̀. Ẹ pe ẹbí jọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé pé ẹni báyìí ni ó ni ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣásì wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ yanjú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni ara ọkọ̀. Ìpẹtà ni ọ̀tá tó ń jẹ owó jù lọ, nítorí pé ó máa ń fara pamọ́. Ẹ mú òòfà kékeré, kí ẹ sì fi rìn yí ara ọkọ̀ ká. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, bọdi-fílà ni wọ́n fi dí ihò síbẹ̀. Lára Ìjàpá, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì ń gbé, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ọkọ̀ ti máa ń jẹrà. Ẹ fi sukudíráfà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọlé, ilẹ̀ ọkọ̀ tuntun ni ẹ máa kọ sínú ìnáwó. Lára 504, ẹ yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn wò, ẹ yẹ orí táyà wò, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Aluminíọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504. Bí ó bá ti gbóná jù nígbà kan rí, ó ṣeé ṣe kí ó ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n láínà inú rẹ̀ ṣeé yọ, kí a sì fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìnì rẹ̀. Nítorí náà ẹ béèrè iye méjì: iye títún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe, àti iye ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Ti Ìjàpá rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ní ràdíétọ̀, bóòtù mẹ́rin péré ló sì so ó mọ́ jíà.

Ẹ má ṣe fi ẹnu oníṣẹ́ kan ṣoṣo mọ. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gba iye lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ya owó iṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ohun èlò.

3. KÍKỌ ÌNÁWÓ SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Ó ní ₦900,000 nínú ìfowópamọ́ ẹgbẹ́, ó sì ní ₦750,000 lọ́wọ́. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe iye ọjà. A kàn fi wọ́n kọ́ ìṣirò ni. Kí olúkúlùkù fi èyí tí òun bá gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ rọ́pò wọn.

Gbígbé ọkọ̀ àti ibi ìpamọ́: ₦120,000
Ìwé ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ìjọba: ₦200,000
Pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ajórin àti ọ̀dà àkọ́kùn: ₦600,000
Bírékì, ìdarí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti táyà: ₦480,000
Ẹ́ńjìnnì àti jíà: ₦750,000
Wáyà àti iná: ₦150,000
Ọ̀dà ìkẹyìn: ₦400,000
Ìjókòó, gíláàsì àti rọ́bà: ₦300,000
Àpapọ̀: ₦3,000,000

Ẹ kíyè sí ìlà àkọ́kọ́ àti èkejì. Àwọn ni ọmọ ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé. Ọkọ̀ tó wà ní gbangba nígbà òjò yóò máa dípẹtà lójoojúmọ́ bí ajórin ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí kò sì ní ìwé kò lè jáde sí títì, bó ti wù kí ó dán tó.

Ẹ kíyè sí táyà náà. Ilé-iṣẹ́ Dunlop tó wà ní Ìkẹjà ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró láti 2008, òkè òkun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí à ń rà ti ń wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé D.O.T. tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 1224, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ lórí àtẹ jẹ́ ewu, bí kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí.

4. OWÓ ÀÌRÒTẸ́LẸ̀

Lórí ₦3,000,000 yìí, ọmọ ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ fi ₦25 kún ₦100 kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ₦750,000, tí àpapọ̀ yóò fi di ₦3,750,000. Ìdí méjì ni.

Ìdí kìíní ni pé a kò lè rí gbogbo ìpẹtà títí a ó fi họ ọ̀dà kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ajórin yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò kan tí yóò sì rí mẹ́ta.

Ìdí kejì ni owó ilẹ̀ wa. Òkèèrè ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá, nítorí náà dọ́là ló ń dá iye rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó ní oṣù kẹsàn-án 1986, dọ́là kan tí kò tó ₦2 di ohun tó ju ₦4 lọ lójú ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023: dọ́là tí a ń ṣírò ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ti gba iye ẹ̀yà ara ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, tí kò sì tíì rà á, rí i pé ìwé ọwọ́ òun ti di ìwé lásán. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Bí owó bá dé fún ìpele kan, ẹ kọ́kọ́ fi ra ẹ̀yà ara tó ti òkèèrè wá fún ìpele náà. Ẹ̀wẹ̀, kí ìpele tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún gba iye tuntun.

5. PÍNPÍN IṢẸ́ SÍ ÌPELE

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a kọ́kọ́ kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun nítorí pé ọ̀dà ni ará àdúgbò yóò rí. Ọ̀dà kì í wo ìpẹtà sàn. Láàárín òjò kan sí èkejì, yóò wú, yóò sì bó, owó á sì ti lọ. Báyìí ni kí a ṣe tò ó:

Ìpele Kìíní: gbígbé ọkọ̀, ìwé, pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ajórin, ọ̀dà àkọ́kùn, bírékì àti táyà. Ó jẹ́ ₦1,400,000. Bí a bá fi owó àìròtẹ́lẹ̀ ₦350,000 kún un, ó di ₦1,750,000.

Ìpele Kejì: ẹ́ńjìnnì, jíà, wáyà àti iná. Ó jẹ́ ₦900,000. Pẹ̀lú àìròtẹ́lẹ̀ ₦225,000, ó di ₦1,125,000. Ní òpin ìpele yìí, ọkọ̀ lè rìn, kí ó sì dúró nígbà tí a bá tẹ bírékì.

Ìpele Kẹta: ọ̀dà ìkẹyìn, ìjókòó, gíláàsì àti rọ́bà. Ó jẹ́ ₦700,000. Pẹ̀lú àìròtẹ́lẹ̀ ₦175,000, ó di ₦875,000.

Bí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦3,750,000 náà ni. Àǹfààní ìpele ni pé bí owó bá tán, tàbí bí àìsàn bá dé nínú ilé, ibi tí a ti dúró kò ní bàjẹ́. Irin tí a ti jó, tí a sì ti kùn ní ọ̀dà àkọ́kùn, lè dúró dè wá lábẹ́ òrùlé. Ọkọ̀ tí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè dúró. Bóòtù rẹ̀ yóò sọnù, ìjókòó rẹ̀ yóò jẹrà, ẹni tó tú u á sì gbàgbé bí ó ṣe tú u.

6. Ẹ̀YÁWÓ ÀTI ÀWỌN ONÍDÙÚRÓ

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo ẹgbẹ́. Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ìfowópamọ́, pẹ̀lú èlé ₦10 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, láti san án ní oṣù 20. Ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ₦1,800,000. Ṣé kí ó gbà á?

Bí ó bá gbà á, gbèsè rẹ̀ di ₦1,980,000. Yóò máa san ₦99,000 lóṣù. Bí a bá fi ìfowópamọ́ rẹ̀ oṣooṣù, ₦20,000, kún un, ó di ₦119,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù rẹ̀. ₦121,000 tó kù ni yóò fi jẹun, ni yóò fi san owó ilé, ni yóò sì fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni owó yìí pẹ̀lú ₦750,000 ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦2,550,000 péré, kò sì lè parí ọkọ̀ náà. Òfin Òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé gbogbo ohun tí a bá yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Fún ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyẹn jẹ́ ₦80,000.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà kejì. Ìpele Kìíní nìkan ni kí ó yáwó fún: ₦750,000 láti ọwọ́ rẹ̀, ₦1,000,000 láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Gbèsè rẹ̀ jẹ́ ₦1,100,000, èyí tó jẹ́ ₦55,000 lóṣù. Pẹ̀lú ìfowópamọ́ rẹ̀, ó jẹ́ ₦75,000. Kò kọjá ààlà. Nígbà tí oṣù 20 bá pé, gbèsè ti tán, ìfowópamọ́ rẹ̀ sì ti fi ₦400,000 pọ̀ sí i, ó ti di ₦1,300,000. Nígbà náà ni kí ó wá bá ẹgbẹ́ fún Ìpele Kejì. Ó pẹ́, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn onídùúró náà gbọ́ o. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ wa gba ₦1,800,000 náà, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì dá a dúró lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ó ti san ₦495,000. Ó ku ₦1,485,000. Ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ mú ìfowópamọ́ rẹ̀, tó ti di ₦1,000,000. Ó ku ₦485,000. Àwọn onídùúró méjèèjì ni yóò san án, ₦242,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọkọ̀ tí wọn kò gùn rí. Ní ọ̀nà kejì, lẹ́yìn oṣù márùn-ún kan náà, gbèsè tó kù jẹ́ ₦825,000. Ìfowópamọ́ rẹ̀ ₦1,000,000 borí rẹ̀. Kò sí onídùúró tí yóò sunkún. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá pè láti dúró fún irú ẹ̀yáwó yìí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ìnáwó yín hàn mí.” Kì í ṣe àrífín.

7. ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ÀTI ÀWỌN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́

Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́, ohun tí a rà tàbí iṣẹ́ tí a ṣe, iye tí a dá, iye tí a san, iye tó kù nínú ìpele náà. Ẹ máa kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá ná owó, kí ẹ sì so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Bí iye tí a san bá ti ń kọjá iye tí a dá ní ìgbà mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ tún ìṣirò ṣe.

Ẹ má ṣe san gbogbo owó iṣẹ́ ọwọ́ ṣíwájú. Ẹ san ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan ní ààrin, ìdá kan nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá lè bá oníṣẹ́ lọ sí Ládípọ̀ fúnra yín, ẹ bá a lọ. Ẹ gba ẹ̀yà ara àtijọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí wọ́n tó tú u, kí ẹ sì kó bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára.

Bí ẹ̀yà ara kan kò bá sí mọ́, a mọ̀ pé bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n èyí kò kan bírékì àti ìdarí. Níbẹ̀, ohun tó bá ọkọ̀ náà mu gan-an ni kí a rà.

8. ṢÉ ỌKỌ̀ NÁÀ YÓÒ MÚ OWÓ WỌLÉ?

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn á sọ pé òun yóò fi ọkọ̀ náà gbé ìyàwó, tàbí pé àwọn onísinimá yóò háyà rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó náà kọ́kọ́ wọlé, kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé. Owó oṣù ni kí a fi ṣe ìṣirò ẹ̀yáwó; ohunkóhun tí ọkọ̀ bá mú wá, èrè ni. Ẹ má sì ṣe rò pé ọkọ̀ tí a ná ₦3,750,000 lé lórí ni ẹlòmíràn yóò rà ní ₦3,750,000. Ìfẹ́ wa ni a fi ná apá kan nínú owó yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò san owó ìfẹ́ wa padà fún wa. Ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò ní kábàámọ̀.

9. IṢẸ́ ÌGBÌMỌ̀

Ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò, ẹ má ṣe kọ irú ẹ̀yáwó yìí tì nítorí pé ọkọ̀ ti gbó. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin: àdéhùn ẹbí, iye láti ọwọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, ètò ìnáwó ní ìpele, àti ibi tí ọkọ̀ yóò máa gbé. Ẹ má ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ìpele kejì títí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò fi lọ fojú rí ìpele kìíní. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá sì ń tún irú ọkọ̀ kan náà ṣe, kí wọ́n para pọ̀ ra táyà àti ẹ̀yà ara. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

(a) Kí ni a gbọ́dọ̀ yanjú pẹ̀lú ẹbí kí a tó ná owó lórí ọkọ̀ tí òbí fi sílẹ̀?
(b) Kí ló dé tí ọ̀dà ìkẹyìn fi wà ní ìpele kẹta?
(d) Ọmọ ẹgbẹ́ kan ń gba ₦150,000 lóṣù, ó sì ń fi ₦15,000 pamọ́ sínú ẹgbẹ́. Bí a kò bá ní yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, èló ni ó lè máa san lóṣù lórí ẹ̀yáwó? Pẹ̀lú èlé ₦10 lórí ₦100, èló ni ó lè yá láti san án ní oṣù 20? (Ìdáhùn: ₦35,000 lóṣù, gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú èlé kò gbọdọ̀ ju ₦700,000 lọ, nítorí náà ẹ̀yáwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí ₦636,000.)
(e) Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe onídùúró lọ́wọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ iye tí yóò kàn yín bí ẹni tí ẹ dúró fún kò bá lè san án lónìí?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a sì ṣe ìṣirò ìbéèrè (d) lórí pátákó kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí i.